Kọ́kọ́rọ́ Kẹta

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2024, Kúnbi aya mi kú. Ẹ̀yin onílé òkè àti onílé ìsàlẹ̀ ní Orozo, ẹ bá mi sunkún, ẹ bá mi sin ín. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń tù nínú ti purọ́ fún yín, mo sì ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. N kò fẹ́ gbé irọ́ náà wọ sàréè. Mo ti bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ó ka ìwé yìí sí etí gbogbo yín, kí ó má fo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ mọ̀ pé Kúnbi ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó wọ yunifásítì ní Gwagwalada láti kọ́ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò. Èmi kò kọjá ìwé mẹ́wàá. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, a máa ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Ó ní bí kò bá yé mi, a jẹ́ pé kò tíì yé òun náà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní líbẹ́rálísímù ni ó fẹ́ràn jù. Ó ní àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ tó dá a sílẹ̀ kò sọ pé ènìyàn kì í hùwà ibi. Wọ́n ní ènìyàn ní làákàyè, ó lè rí i pé èrè aládùúgbò kì í ṣe àdánù òun. Àwọn tó ń bá ara wọn ṣòwò yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jà. Bí àwọn tí ogun yóò pa ọmọ wọn bá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀, ogun yóò dínkù. Àdéhùn tí gbogbo ènìyàn gbọ́ sì sàn ju èyí tí ọba méjì ṣe ní kọ̀rọ̀. Mo ní, “Ìyá Ṣèyí, ta ni ọlọ́pàá tí yóò mú orílẹ̀-èdè tó bá yẹ àdéhùn?” Ó ní kò sí. Mo ní, “Ẹ̀kọ́ yín ti wó nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ṣèyí, ṣé ọlọ́pàá ló ní kí ẹ wá bá mi ṣa ẹ̀wà ni?”

Nígbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ ń jà lórí omi bọ́ọ̀hóòlù, òun ni ó mú àdéhùn wá. Àgádágodo méjì lára ilẹ̀kùn ibi tí a ti ń yí omi: kọ́kọ́rọ́ kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè dá a ṣí. Ẹ fi ti òkè lé mi lọ́wọ́, torí mo tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ìjọba fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan kò sọnù. Misturah, opó ará Ìlọrin tó ń ránṣọ, ni ó di ti ìsàlẹ̀ mú.

Ní ọdún 2022, kíndìnrín dá Kúnbi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù ní Gwagwalada. Misturah ní òun yóò tẹ̀ lé e. Ní ẹnu ọ̀nà mi, ó fa kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ yọ: “Bàbá, ẹ bá mi mú un dání, kí n má lọ sọ ọ́ nù.” Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aya mi, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Wuse, mo ní kí wọ́n gé irú kọ́kọ́rọ́ náà fún mi. Ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ kí mi ní èdè Hausa, “Sànnu, Bàbá. Ṣé tiyín ni?” Mo ní tèmi ni. “Yauwa, ó dáa,” ó sì tan ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí Misturah dé, mo dá tirẹ̀ padà fún un.

Omi kò wọ́n wa. Mo kàn gbà pé lọ́jọ́ kan, ìsàlẹ̀ yóò rẹ́ wa jẹ, kí n tètè rẹ́ wọn jẹ ṣáájú. Gbogbo ohun tí aya mi kà sí mi létí, etí lásán ni mo fi gbọ́. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, ní ọjọ́ tí omi jẹ́ ti ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣí àgádágodo méjèèjì, mo yí omi sí òkè. Àwọn ará ìsàlẹ̀ bínú, wọ́n fọ́ páìpù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òkè àti ìsàlẹ̀ jọ fi ra omi lọ́wọ́ àwọn mai ruwa.

Èyí tó burú jù rèé. Ní ìpàdé, ẹ ní àgádágodo kò fọ́, kí èmi àti Misturah sọ tẹnu wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní, “Ọjọ́ tó ń lọ sí Gwagwalada, ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ òkè sọ́wọ́ òun. N kò mọ ohun tó fi ṣe.” Misturah wò mí. Kò pariwo. “Bàbá, èmi? Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?” Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, “Télọ̀, ọ̀pá mélòó lo gé tà nínú omi wa?” Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo jókòó. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Gwagwalada.

Kúnbi, tí kò tíì lè dúró dáadáa, wá sí ìpàdé kejì. Ó ní, “Misturah kò ṣe é. Ẹ pààrọ̀ àgádágodo méjèèjì, kí ẹni méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan sì máa wà níbẹ̀ bí a bá ń ṣí i.” Ẹ gbà, a kò jà mọ́ títí di òní. Nílé, mo bi í bí ó ṣe mọ̀. “Mo mọ̀ ni. Bàbá Ṣèyí, ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?” Mo ní rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bi mí kí ó tó kú. Nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ ti lọ, ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ń wo ojú mi. Rárá kan náà ni mo sọ.

Láti ọ̀sẹ̀ ìpàdé àkọ́kọ́ ni mo ti wá kọ́kọ́rọ́ Wuse náà tì. Mo rò pé ó jábọ́ lápò mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ aya mi. Ó wà níbẹ̀, ó fi òwú so ó mọ́ ojú ewé tí ó kọ ọ̀rọ̀ àdéhùn gbangba sí.

Mo gba Gwagwalada lọ. Misturah wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò jẹ́ kí n ṣe é. Ó bu omi fún mi kí n tó sọ̀rọ̀. “Ìyá Ṣèyí ní ẹ ó wá. Láti èṣí ni mo ti ń retí yín.” Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ojúde ni ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, Bàbá. Ẹ má wá bẹ̀ mí ní yàrá.”

Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣá pe Misturah padà, kí ẹ sì dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún omi tó bù fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kúnbi, tí ó lè tú àṣírí mi, ṣùgbọ́n tí ó fi àyè sílẹ̀ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ rèé: awò ojú kan tí apá rẹ̀ ti kán, ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí a kò tíì fi sí férémù, Ṣèyí ọmọ wa, àwo tí a fi ń ṣa ẹ̀wà, àdéhùn tí ẹ ń pa mọ́ láìsí ọlọ́pàá, àti kọ́kọ́rọ́ kan tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́.