Iná Tó Dé

Mo ń dúró de ẹni tó ń tún fóònù mi ṣe ní Yaba, nígbà tí bàbá kan gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá bá obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, pẹ̀lú káàdì kékeré tó fẹ́ fi rọ́pò dísìkì inú rẹ̀.

"Mò ń kó sọ́fítíwíà tuntun sínú káàdì yìí, ó dé ìdajì, ó kú."

"Ṣé iná lọ ni, Dádì?"

"Rárá o, orí jẹnẹrétọ̀ ni mo wà. Kódà, iná dé ni."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Nígbà tó dé, kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta epo ni? Mo sáré pa jẹ́ẹ̀nì, mo yí i sí iná ìjọba."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Iná tó lọ ló ń ba ti gbogbo ayé jẹ́. Tiyín, iná tó dé ni."

"Iná tó dé," bàbá náà tún un sọ, lòun náà bá bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. "Tó bá tún já lágbede méjì, káàdì yìí ò ní jí mọ́ o."

Kò pẹ́ ni gbogbo àdúgbò pariwo pé iná ti dé. Bàbá náà ti dìde kó tó rántí. Ó padà jókòó, ó fi ìdí tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àga.

"Ẹ bá wa kí i káàbọ̀," ó ní. "A ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."