Àpò Bébà fún Kọ̀rọ̀ Yàrá

Níbi tí mo ti ń dúró de káàdì mi ní ilé ìtẹ̀wé kan ní òpópónà Bajulaiye, ọ̀dọ́kùnrin kan ń tọrọ àpò àgékù bébà lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù.

"Ewúrẹ́ lò ń sìn ni?"

"Rárá, mà. Mò ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá mi. Béèsì, ìró ìsàlẹ̀ orin tó máa ń dún kìì-kìì, ń kó jọ sí kọ̀rọ̀, ó ń bo ohùn olórin mi mọ́lẹ̀. Olórin ọ̀hún ní tóun ò bá gbọ́ ara òun dáadáa lónìí, òun ń lọ."

"Ṣé o ò lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri ni?"

"Mo lẹ̀ ẹ́ dé àjà, mà. Béèsì ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo lẹ nǹkan kan! Nǹkan tó nípọn, bí àpò bébà tí mo bá kì sí kọ̀rọ̀, ló máa gbé e mì."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Gbé àpò náà lọ. Tó bá ṣiṣẹ́, tètè wá sọ fún mi. Bàbá àwọn ọmọ mi ń hanrun."