Kásẹ́ẹ̀tì Méje Tí Jethro Gbà Sílẹ̀

Kò mọ̀ kẹ̀? Bàbá Josiah, ẹ tún un wí kí n gbọ́ ọ dáadáa. Thomas ló ní kí ẹ wá sọ fún mi pé òun kò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, pé òun rò pé òfìfo ni wọ́n, àti pé nítorí náà kí n gbà fún òun láti dúró síwájú pósí ọkọ mi lọ́jọ́ Sátidé, kí òun wàásù lé e lórí? Ẹ jókòó, Bàbá. Okún o, ẹ kú ìrìn, n kò tilẹ̀ tíì kí yín. Mo mọ̀ pé opó kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí òkú ọkọ rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lónìí, ẹ ó sin ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àbúrò bàbá wọn, ọ̀dọ̀ yín làwọn méjèèjì dàgbà sí, Thomas ẹ̀gbọ́n, Jethro àbúrò. Mo ń pe Jethro ní Jethro báyìí, n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí nígbà ayé rẹ̀, bàbá Lucy ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn mọ́, ẹ jẹ́ kí n pè é tẹ́ ara mi lọ́rùn. Ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ rántí pé Jos ló ti kọ́ gìtá, nígbà tó ń bá wọn wa kùsà, pé akọ̀wé kan níbẹ̀ ní giramafóònù àti àwo orin àwọn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, orin tí ẹnì kan máa ń jókòó kọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gìtá náà ló gbé lọ́wọ́ nígbà tó padà wá sí Kàbà lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, gìtá kan àti àpótí kan, kò sí ohun mìíràn.

Kì í kánjú, Bàbá. Ẹlòmíràn a máa ta gìtá bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí gbágùúdá tí a sá. Ti Jethro dà bí ẹni tó ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹrù orí rẹ̀ kò wúwo, tó sì mọ̀ pé wọ́n ti gbé oúnjẹ kaná nílé. Èdè Owé wa yìí ló fi ń kọ ọ́. Ó kọ nípa ọ̀nà Ògìdì nígbà òjò, ó kọ nípa obìnrin tó ń dúró de ọkọ tó lọ sógun abẹ́lé. Orin náà ń bani nínú jẹ́, síbẹ̀ ènìyàn kì í fẹ́ kó tán.

Ọkùnrin kan ti Èkó wá síbi ìgbéyàwó tíṣà kan nílùú yìí, ó gbọ́ ọ, ó ní kó bá òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àwo orin. Jethro ní kí àwọn já kọfí tán ná. A já kọfí tán, ó tún ní kí òjò dá. Kò lọ. Bí mo bá bínú, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Adédùntán, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ yóò wá sílé." Thomas a sì máa sọ fún gbogbo ayé pé gìtá kì í kọ ebè. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oko Jethro kò fìgbà kan di igbó. Ẹ̀yin náà ti jẹ nínú iṣu ibẹ̀.

Ọdún FESTAC ló ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá yìí, níbi tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ á fara ti àpò kọfí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nà sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi gba kásẹ́ẹ̀tì méje, ó kọ nọ́ńbà sára wọn, ó kó wọn sínú agolo bisikíìtì. Ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé nìyẹn, yàtọ̀ sí oko.

Ẹ̀gbà wá mú un lọ́dún tí wọ́n pààrọ̀ owó. Ọwọ́ ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ahọ́n lọ. Ẹ wá kí i, ẹ rí i. Gìtá wà lára ògiri, kò lè gbé e. Ìgbà yẹn ni kásẹ́ẹ̀tì méje di ẹnu rẹ̀. Bí mo bá ti oko dé lírọ̀lẹ́, á fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí agolo, màá fi ọ̀kan sí rédíò, á dijú, àwọn ìka òsì tó fi ń tẹ okùn gìtá á máa rìn lórí itan rẹ̀ bí ẹni pé okùn wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí a ń já kọfí ni Thomas dé. Ó ní ìjọ àwọn fẹ́ gba ìwàásù òun sílẹ̀ kí wọ́n máa pín in ká àwọn ìletò, kí n yá òun ní rédíò. Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mo ní kó gbé e. Ó bi mí pé kí ló wà nínú agolo. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì bàbá Lucy ni, orin rẹ̀ ni. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́ fún un, Bàbá. Mo gba oko lọ. Nígbà tí mo dé, rédíò ti lọ, agolo náà ti lọ, Jethro ń fi ọwọ́ òsì gbá ẹní, kò lè sọ ohun tó rí. Mo rò pé omi ló ń béèrè. Omi ni mo bù fún un.

Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá kó tó dá wọn padà. Márùn-ún ló wà nínú agolo, ó ní méjì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará. Mo fi ọ̀kan sí rédíò fún Jethro. Ohùn Thomas ló jáde, ó ń kí ìjọ. Jethro yíjú sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló wọlé. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tó kù tó lè rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹnu ọ̀nà títí, kò sẹ́ni tó wọlé, ohùn sì ń bọ̀ láti inú rédíò. Mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i. Thomas. Mo tún fi òmíràn sí i. Thomas. Nígbà tí a fi dé ìkarùn-ún, ó ti kọjú sí ògiri.

Mo lọ bá Thomas nílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Cecilia ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lè bi í. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Orin ayé ni, ìyàwó. Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá bo orin ayé mọ́lẹ̀, kí la pàdánù?" Ẹ gbọ́? Lọ́jọ́ náà, ó mọ̀. Lónìí tí ó fẹ́ wàásù lójú gbogbo ìlú, kò mọ̀ mọ́. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?

Ẹ ní bóyá inú ló bí i tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Ó dáa. Ẹ fi dígí sójú. Ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, apá ibi tí okùn kásẹ́ẹ̀tì kò ti hàn. Ike kékeré méjì ló máa ń wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ tuntun. Bí ènìyàn bá ṣẹ́ wọn kúrò, bọ́tìnnì pupa tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ kò ní í tẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó lè gba ohùn mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Jethro fi ọ̀bẹ ṣẹ́ gbogbo tirẹ̀ kí àṣìṣe má bàa ṣẹlẹ̀. Kí lẹ rí nínú ihò tí ike náà fi sílẹ̀ báyìí? Ìwé ni. Ìwé tí wọ́n ká, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kí bọ́tìnnì pupa lè tún tẹ̀. Ẹ wo ìkejì. Ẹ wo ìkẹta. Mo tú ọ̀kan, mo tẹ́ ẹ, ìwé ìkéde ìjọ wọn ni, ọwọ́ Thomas ló kọ ọ́. Ihò mẹ́wàá, Bàbá, ó jókòó, ó dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rò pé òfìfo ni, kí ló ń dí?

Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú márùn-ún yìí tí ìwàásù kò dé òpin rẹ̀. Thomas ṣe àmín, rédíò dákẹ́ díẹ̀, gìtá Jethro sì bọ́ síta láti àárín orin, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó tán. Mo rí i nítorí pé mo gbàgbé láti pa rédíò, mo ń ro ọkà lẹ́yìnkùlé. Ṣé ẹ mọ ìwàásù tó wà níwájú rẹ̀? Ìwàásù lórí ọ̀lẹ ni. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó gbé gìtá lé itan nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń roko, pé kí wọ́n wá wo ọwọ́ náà lónìí, Ọlọ́run ti gbà á. Lórí orin ọkùnrin yẹn gan-an ló ti sọ ọ́. Bọ́tìnnì tí a fi ń sáré kásẹ́ẹ̀tì síwájú sì ti bàjẹ́ nígbà tí rédíò fi dé láti ọ̀dọ̀ wọn, n kò mọ ọgbọ́n mìíràn tí mo lè dá sí i. Bí Jethro bá fẹ́ gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gbọ́ èébú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àmín. Ó sì ń gbọ́ ọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, fún oṣù mẹ́jọ. Ojú rẹ̀ á le koko, tó bá wá kọjá àmín, àwọn ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èmi á ti sá lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi tí etí mi pé, n kò lè gbọ́ ọ.

Ẹ ní orin kì í ṣe ènìyàn, kí n dárí jì í? N kò fẹ́ sọ eléyìí, Bàbá. Ẹ rántí Lucy, ọmọ wa, tí ibà gbé lọ nígbà ọyẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà. Fọ́tò kan ṣoṣo tó yà láyé, ó mi orí, ojú rẹ̀ kò hàn. Nínú kásẹ́ẹ̀tì kẹta, bí orin ọ̀nà Ògìdì ti ń lọ, Lucy wọlé, ó ní, "Bàbá, ṣé ó ti tán?" Jethro kò dúró, ó ń ta gìtá lọ, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Lucy ní, "Màá jókòó." Gbogbo ohùn ọmọ mi tó kù láyé nìyẹn. Àwọn ènìyàn ní kí Jethro tún orin náà gbà, pé ọmọ ti bà á jẹ́. Kò gbà. Lẹ́yìn tí Lucy kú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, a kì í wojú ara wa tí a bá ń gbọ́ ọ.

Kásẹ́ẹ̀tì kẹta wà lára méjì tí kò padà.

Mo wá a. Thomas ní òun kò rántí ẹni tí òun fún. Mo wọkọ̀ lọ sí Òkè-Bùkún, mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ Monica tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ lórin, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì kẹta. Mo padà tọ Thomas, ó ní bóyá ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀júkù, ṣùgbọ́n òun kò ní í jẹ́ kí obìnrin kan máa yọ àwọn ará lẹ́nu káàkiri nítorí orin ayé. Mo fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, àìsàn Jethro ń le sí i, n kò rí ẹni fi í sílẹ̀ fún.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló kú. Mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì sí i fún un, mo ti jáde sẹ́yìnkùlé kí n má bàa gbọ́. Nígbà tí gìtá bẹ̀rẹ̀, mo wọlé wá wo àwọn ìka rẹ̀. Wọn kò rìn. Kò dé ibi àmín, Bàbá. Ohùn Thomas ló gbọ́ kẹ́yìn láyé. Thomas ti wàásù fún Jethro tó.

Rárá, ẹ má dìde, mi ò tíì rán yín níṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé kò ní í la ẹnu síwájú pósí yẹn. Ẹ sọ fún un kó lọ sí Ẹ̀júkù, òun fúnra rẹ̀, kó má rán Cecilia, kó máa kanlẹ̀kùn àwọn tó fún ní ìwàásù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí kásẹ́ẹ̀tì náà, kó gbọ́ ọ níbẹ̀ lójú wọn. Tí ìwàásù rẹ̀ bá parí, kó má pa rédíò, kó jókòó tì í títí okùn yóò fi tán, bóyá ọmọ mi ṣẹ́kù síbẹ̀, bóyá kò ṣẹ́kù. Ohun tó bá gbọ́, kó wá dúró níbí kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Títí yóò fi wá, Jethro wà ní mọ́ṣúárì, èmi ni wọ́n sì ń retí láti buwọ́ lùwé kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹ̀yin lolórí ẹbí, ẹ lè di ọjọ́ Sátidé mú, ṣùgbọ́n n kò ní í buwọ́ lù ú.

Ọkọ̀ Ẹ̀júkù kì í pẹ́ kún láàárọ̀. Kó tètè jí.