Ohun Tí Mo Ṣe fún Lem Pickett Lábẹ́ Òkìtì Ènìyàn

Ẹ̀yin èèyàn Toledo, ó tó gẹ́ẹ́. Irọ́ tí mo ti ń pa fún yín láti ọdún méjìdínlógójì, òní ni n óò tú u palẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi ti ń hùwà bíi mọ́tò àtijọ́, ó lè ṣíwọ́ nígbàkigbà. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi idẹ rọ ère ọwọ́ mi méjèèjì tó di bọ́ọ̀lù mú, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọn yóò sì gbé e sí ẹnu géètì pápá wa. N kò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa fọwọ́ pa irọ́ lórí.

Roscoe Thibodeaux ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá ẹgbẹ́ Òòlù gbá bọ́ọ̀lù àwa ará Amẹ́ríkà, èyí tí à ń fọwọ́ gbé sáré, iṣẹ́ mi kò sì ju kí n gbé ẹnikẹ́ni tó bá di bọ́ọ̀lù mú ṣánlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ẹ sì mọ bí ikùn mi ṣe tó. Èmi àti Lem Pickett la jọ ń dènà fún ẹgbẹ́ náà. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ fíìfíì.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, Dombrowski, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, pe àwa méjèèjì. Ó ní, “Ààyè ẹnì kan ló kù lọ́dún tó ń bọ̀. Roscoe, o ti ń darúgbó. Lem, mi ò tíì rí ohun tó o ṣe. Ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù wá fún mi lọ́jọ́ Àìkú ló ń dúró.”

Bí a ṣe jáde, Lem ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ ó ráyè máa bá ìyàwó yín gé koríko iwájú ilé.”

Mo ní, “Ìwọ lo máa gé e, wàá tún fọ àwo!” A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú náà pé, yìnyín ti yọ́, pápá ti di ẹrẹ̀. A fi díẹ̀ ṣáájú, ó ku ìṣẹ́jú kan, àwọn alátakò sì ń já bọ̀, ni bọ́ọ̀lù bá yọ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Hàà! Ọkùnrin mẹ́rìnlá rọ́ lu bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Rẹfirí kò lè ríran dé abẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń fa ènìyàn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà nísàlẹ̀ ló ni ín. Kí wọ́n tó fà wá tán, a ó ti fún ara wa lọ́rùn, a ó ti fìka gún ara wa lójú, kò sì sí ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ bó bá dìde. Òfin àwa agbábọ́ọ̀lù nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni mo sá sí.

Mo na ọwọ́ sínú ẹrẹ̀, mo bá bọ́ọ̀lù. Apá kan ti wé mọ́ ọn. Mo rò pé ti alátakò ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ìgbà náà ni mo rí báńdéèjì aláwọ̀ ewé ní ọrùn ọwọ́ náà. Lem nìkan ló ń wé irú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: bọ́ọ̀lù ti di tiwa! Kí n sáà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ló kù. Lem pàápàá pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni! Ó ti wà lọ́wọ́ mi!”

Èmi oníwọra yìí gbọ́ ketekete. Mo ká ìka rẹ̀ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí bọ́ọ̀lù fi tú. Ẹnì kan gé ìka mi jẹ, omi bọ́ lójú mi, síbẹ̀ n kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa ẹni ìkẹyìn kúrò, èmi ni wọ́n bá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Gbogbo pápá hó yèè.

Mo tún na ìka sí àwọn oníròyìn, mo ní Lindqvist, òmìrán kan nínú àwọn alátakò, ló gé mi jẹ. Láti ìgbà náà, ibi tí Lindqvist bá ti gbá bọ́ọ̀lù ni àwọn òǹwòran ti ń gbó bí ajá mọ́ ọn. Lem kó ẹrù rẹ̀ padà sí Sandusky, ìlú rẹ̀, ó di onígbàjámọ̀. Òun ló sì ń fá irùngbọ̀n mi láti ọdún náà, kò bá mi jà rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo jókòó sórí àga rẹ̀, ọṣẹ bo àgbọ̀n mi. Mo ní, “Lem, gbé abẹ yẹn sílẹ̀ ná, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.”

“Ẹ máa sọ ọ́. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n.”

“Ara tèmi ń gbọ̀n.” Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Abẹ dúró sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Ni Lem bá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú.

“Ẹ̀gbọ́n! Ta lẹ rò pé ó gé ìka yín jẹ?”

“Ìwọ ni?”

“Èmi ni o! Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ iye ìgbà tí abẹ yìí ti fẹ́ bá yín sọ ọ́?” Ó nu ojú. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. “Mo fẹ́ràn eré yẹn, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

Ìyẹn dùn mí ju eyín rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ tọṣẹtọṣẹ.

“Ẹ dìde jàre, kí orúnkún yín má lọ há síbẹ̀. Mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí mo fẹ́.” Ó sọ ọ́, mo gbà.

Lindqvist, níbi yòówù kó o wà, jọ̀ọ́, forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Òòlù, bí ẹ bá bá apá ẹnìkejì yín lórí bọ́ọ̀lù, ẹ fi ara bò ó, kí ẹ dákẹ́. Ní ti ère, ohun tí Lem béèrè nìyí: àwọn tó ń rọ ọ́ ti ránṣẹ́ pè é, ó sì ti gé ìka ère amọ̀ tí wọ́n ń wò rọ idẹ náà jẹ. Bí ẹ bá dé géètì, ẹ wo ìka àárín ọwọ́ òsì. Ẹ ó rí ojú eyín mẹ́rin níbẹ̀, ó jinlẹ̀ dáadáa. Ti Lem Pickett ni. Òun ló gba bọ́ọ̀lù náà.