Aṣọ Tábìlì Ti Kúrò Lọ́wọ́ Mi

Alága wa lónìí, Olóyè Ládépọ̀, tí ẹ fi àgbàlá yìí háyà fún wa láti ìgbà tí irun yín ṣì dúdú. Ẹ̀yin àgbà Àjàǹgbádì, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ẹ̀yin onílé ìtura Òkòkòmáíkò àti ẹ̀yin olùkọ́ láti Ìyànà-Ìbà, tí ẹ ń háyà aṣọ tábìlì lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin ìyá ìjọ aláṣọ funfun, ẹ̀yin nìkan lẹ dé lásìkò, ẹ̀yin nìkan ni mo sì dúpẹ́ àsìkò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi fọṣọ, tí ẹ bá mi lọṣọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Ọmọ́wùmí Àlàó kí yín.

Ó ti rẹ̀ mí. Kò sí àìsàn kankan lára mi. Ó rẹ̀ mí bí ọwọ́ ṣe ń rẹ ẹni tó ti ń fún aṣọ láti àárọ̀ ni.

Ẹ mọ̀ pé mo ti dágbére fún iṣẹ́ yìí rí, kí n tó tún wá ṣe tòní. Lẹ́yìn ìdágbére àkọ́kọ́, ẹnì kan da bílíìṣì sínú omi kànga wa. Irin wà nínú omi náà, ẹ sì mọ̀ pé bílíìṣì àti irin kì í rẹ́. Aṣọ funfun jáde bí èyí tí a rẹ sínú tíì. Mo padà wá. Mo tún dágbére, ẹnì kan ká aṣọ pẹ̀lú sítáàṣì lára rẹ̀ sínú àpótí, aáyán fi ṣe oúnjẹ. Mo padà wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo padà wá, nǹkan kan ò bàjẹ́. Mo kàn wá ni.

Ọjọ́ yẹn ni Bámikẹ́, ẹni tí mò ń fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, dá mi dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ. Ó ní, "Mọ́mì, ilé ìtura kan ti pè mí síṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá tún dágbére, tí ẹ tún ti ọwọ́ bọ omi, ọjọ́ náà ni mo máa dá wọn lóhùn."

Mo ní, "Ṣé o ń halẹ̀ mọ́ mi ni?"

"Rárá o, mà. Mò ń fi tó yín létí ni."

Bàṣírù tó ń lọṣọ lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìnuwọ́ fi fẹ́ jóná. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè òní ni pé, ṣé mo lè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀? Bí mi ò bá lè fi í sílẹ̀, Bámikẹ́ á lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí tán. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò sọ ohun tí àgbà náà máa ṣe bí ìyá ọmọ bá ní òun mọ ọmọ òun gbé.

Mo kàwé òwò ní yunifásítì. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe kò tíì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wàhálà ló dá sílẹ̀. Mo yege dáadáa nínú ìdánwò yẹn. Ẹ wá wò mí.

Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ló gbé mi ró. Sìstá Rebecca, bí òjò bá ṣú, gbogbo àdúgbò ń kó aṣọ wọlé, ìwọ ń gbé dúrọ́ọ̀mù síta, torí omi òjò ni funfun wa ń fẹ́. Bàṣírù, ta ló ń lọ aṣọ ọ̀gbọ̀ bíi tìrẹ, láti ojú òdì, kó tó gbẹ tán? Mo jágbe mọ́ yín jù. Ẹ má bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra aṣọ tábìlì tiyín, ọ̀gbọ̀ tí wọ́n da òwú pọ̀ mọ́ ni kí ẹ wá. Ọ̀gbọ̀ lásán ń rún jù, agbára yín ò ní gbé e. Ẹ fa fọ́nrán kan létí aṣọ, ẹ ṣáná sí i. Bó bá di eérú kúnná, ẹ rà á. Bó bá yọ́ di kókó líle, ike ni, ẹ kí òǹtajà, kí ẹ máa lọ. Ẹ má sì máa ká a sójú ìlà kan náà ṣáá. Ibi tí a bá ń ká lójoojúmọ́ ni aṣọ ti ń já. Ibẹ̀ lèmi náà ti já.

Bí epo pupa bá sì ta sí i…

Olóyè, ẹ jókòó. Mo ti rí i. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọbẹ̀ yín ti dà. Aṣọ tí ó dà sí yẹn ni mo kọ́kọ́ rà níṣẹ́ yìí, òun la tẹ́ fún yín lónìí. Ta ló ń pariwo omi gbígbóná níbẹ̀ yẹn? Ẹ ṣeun, ẹ má bu ú wá.

Ẹsẹ̀ mi kan ti kúrò nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bámikẹ́ ti dìde. Kò wo aṣọ, èmi ló ń wò.

Páúdà kọ́kọ́, ọṣẹ tẹ̀ lé e, oòrùn á jẹ ìyókù. Bámikẹ́, ẹnu ló sọ ọ́, ọwọ́ mi wà níbí.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Kò bu páúdà. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú ibẹ̀, ó bu ọbẹ̀ mìíràn fún Olóyè, ó sì padà lọ jókòó. Èmi ì bá ti ká aṣọ náà kúrò níwájú yín, Olóyè, pẹ̀lú ẹran lẹ́nu yín. Bóyá epo náà máa jáde, bóyá kò ní jáde. Ó dọwọ́ Bámikẹ́.

Mo dá ẹsẹ̀ mi padà.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa jẹun, oúnjẹ ò ní wọ́n lórí tábìlì yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí ẹni rere fa iṣẹ́ yín lé lọ́wọ́, Ọlọ́run yóò sì fún yín ní ọkàn tí ẹ ó fi jókòó. Olóyè, ẹ ó pẹ́ fún wa.

Ẹ bá mi yí àga mi padà, kó kẹ̀yìn sí tábìlì yẹn. Ẹ ṣé o.