Mẹ́mọ́rì Tí Mo Yọ Nínú Kọ̀ǹpútà Fọlákẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ara mi le, àwọn ọmọ mi ń tọ́jú mi, n kò sì ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú Ọlọ́run lórí ibi tó gbé mi dé. Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ìtẹ́lọ́rùn mi pé: wọ́n pe ìyá arúgbó kan ní àjẹ́ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo sì dákẹ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ìyá náà ṣì wà láàyè, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ yẹn lọ sí sàréè.

Ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ni mo ti ṣiṣẹ́, ní Wharf Road, ní Àpápá. Akọ̀wé àgbà ni mí. Nígbà tó yá, ọ̀gá fi Fọlákẹ́ ṣe olórí wa. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní títẹ lẹ́tà! Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn oníbàárà, ó ní, "Ẹ ní sùúrù fún un, ìka rẹ̀ ti darúgbó." Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé. N kò tíì gbàgbé di òní.

Kọ̀ǹpútà ogbó méjì ló wà lọ́fíìsì wa, tèmi àti tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ń falẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Èmi ni mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n wá ẹni tí yóò fi mẹ́mọ́rì, ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà yá, kún wọn. Ẹnjiníà dé, ó ṣí àpótí kọ̀ǹpútà, ó fi pátákó mẹ́mọ́rì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ju kóòmù kékeré lọ sínú rẹ̀. Àmọ́ ti Fọlákẹ́ nìkan ló ṣe. Ọ̀gá ní òun ni olórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo ti ṣọ́ ọwọ́ ẹnjiníà náà dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, mo pa kọ̀ǹpútà Fọlákẹ́, mo ṣí i, mo yọ pátákó náà, mo fi sínú tèmi. Ó wọlé, ó dún kẹ́. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín.

Bí a bá tan kọ̀ǹpútà yẹn, ó máa ń ka mẹ́mọ́rì rẹ̀ jáde lójú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá wò ó yóò mọ̀ pé ó ti dínkù. Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ kì í wò ó. Bó bá ti tan án, yóò gbọ́wọ́ lé e lórí, yóò dijú, yóò gbàdúrà sí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Kó tó ṣe àmín, òǹkà ti kọjá.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín ọ̀sán ọjọ́ tí mo yọ pátákó náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé. Ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Boundary, ni wọ́n jọ ń gbé. Màmá gbé mọ́ínmọ́ín wá fún un, wọ́n sì fún èmi náà. Wọ́n fọwọ́ pa kọ̀ǹpútà náà lórí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé èyí náà máa ń fi bọ́ọ̀lù hàn?"

Láti ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà Fọlákẹ́ ti tún ń falẹ̀. Tèmi ń sáré. Awakọ̀ kan tó wá gba ìwé ẹrù tiẹ̀ sọ fún mi pé, "Mama, na you be engine for this office o!" Fọlákẹ́ gbọ́. Kò pe ẹnjiníà. Àwọn alágbàdúrà ìjọ rẹ̀ ló pè. Wọ́n da òróró sórí kọ̀ǹpútà náà títí àwọn bọ́tìnnì fi ń lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn wá bi í pé ta ló fọwọ́ kàn án kó tó bàjẹ́. Fọlákẹ́, tó ti ń wá ọmọ, dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀.

Wọ́n ní àjẹ́ ni, pé ọwọ́ tó lè dá ẹ̀rọ dúró, ó lè dá ọmọ dúró. Ọkọ Fọlákẹ́ kó ẹrù ìyá tó bí i lọ sí Ìjora Badia, sí yàrá ọmọ Màmá obìnrin, àbúrò ọkọ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé Màmá, ẹ̀rù bà mí. Mo sáré dá mẹ́mọ́rì náà padà. N kò mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti lọ. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Fọlákẹ́ jó yí ọ́fíìsì ká. "Ẹ ò rí i? Ó lọ tán, ìdè tú!" Ó jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe, èmi ni mo sọ irọ́ di òótọ́.

Mo dákẹ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Fọlákẹ́ yóò sì yọ̀ mí.

Láìpẹ́ yìí ni mo wá Màmá lọ sí Badia. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn kan ń sunkún nílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ò gbé e ni?"

Wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Rárá o. N kì í fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Bóyá lójú oorun ni mo ń ṣe é, n kò kúkú mọ̀."

Ìyá náà ti gbà pé àjẹ́ ni àwọn! Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni, Ìyá Bọ́lá?"

"Èmi ni, mà."

"Nǹkan bíi kóòmù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Orí rẹ ò pé," ni Màmá wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọmọ náà, wọ́n pọ̀n ọ́n.

Màmá ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Fọlákẹ́, níbi tó ti jẹ́rìí, kí n sọ ọ́ kí ọmọkùnrin àwọn, ọkọ Fọlákẹ́, lè gbọ́. Mo ti gbà. A jọ ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Ìyẹn kọ́ ni mo ń bi yín. Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ṣé dandan ni kí n bẹ Fọlákẹ́ náà? Mo ti dán an wò níwájú dígí. "Èmi ni mo ṣe é" ń jáde geere. "Má bínú" ni kò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọ̀kan kò tó?