Bí Ọlọ́run Ṣe Tún Ètò Ìwé-Àṣẹ Mi Tò Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá síwájú yín láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rí yìí ti pẹ́ nínú mi. Pásítọ̀ ti ní kí n wá jẹ́ ẹ tipẹ́, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe náà parí ná. Ó ti wá parí báyìí. Ọlọ́run ló ni ògo.

Ráhímátù ni bàbá mi sọ mí. Rẹ̀mílẹ́kún ni ẹ̀yin mọ̀ mí sí, ìyàwó Bùrọ́dà Dáyọ̀ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé kan lápá ọ̀nà Àfọ̀n, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin ni mo ti di onígbàgbọ́ nígbà tí mo wà nílé ìwé. Bàbá ò bá mi jà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ibi yòówù kí n ti máa pe Ọlọ́run, kí n ṣáà má fi í ṣeré. Títí di òní, tí wọ́n bá ti kó iṣu wá sí ọjà Ìpàta, wọ́n gbọ́dọ̀ yà nílé wa. Wọ́n á yọ èyí tó dára jù sílẹ̀ fún ọkọ mi, wọ́n á wá ní kó tẹ kíbọ́ọ̀dù fáwọn díẹ̀. Wọn kì í bèèrè pé orin kí ni.

Orí oko wa ni bàálù máa ń gbà tó bá fẹ́ balẹ̀ sí Ìlọrin. Láti kékeré ni mo ti máa ń pa iṣẹ́ tì tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀. Bàbá á ní, "Ráhímátù, kò sí iṣu lókè yẹn o." Ẹ̀rín la máa ń fi í rín. A ò mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù ní Ìlọrin níbí. Mo gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́, èyí téèyàn fi ń wa bàálù kékeré kiri fúnra ẹ̀, àmọ́ tí kò lè fi gbowó iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé-àṣẹ mìíràn pọ̀ níwájú. Commercial wà, òun ni wọ́n fi ń gbowó. Multi-engine wà, ìyẹn ti bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Instrument rating wà, òun ló ń jẹ́ kéèyàn lè wa bàálù nígbà tí kò bá rí ilẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé ojú àwọn ẹ̀rọ tó wà níwájú ẹ̀ nìkan ló ń wò. Ti olùkọ́ ló wà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Olùkọ́ yẹn ni mo fẹ́ jẹ́.

Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ fẹ́ lọ máa wa bàálù ńlá ní Èkó àti Àbújá, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ sókè. Olùkọ́ tó jókòó tì mí, Captain Gàníyù, gbé ọwọ́ wọn méjèèjì lé orúnkún, wọ́n rọra ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú, títí ẹ̀rù fi kúrò lára mi. Mo sọ nínú ara mi pé ohun tí ọkùnrin yìí ṣe fún mi lèmi náà fẹ́ máa ṣe fáwọn ẹlòmíì. Mo sì fẹ́ wà ní Ìlọrin, kí n máa sùn nílé ọkọ mi.

Ọ̀rọ̀ wá di èwo ni kí n kọ́kọ́ gbà. Èmi àti ọkọ mi á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a ó máa bó ẹ̀wà, a ó máa to àwọn ìwé-àṣẹ náà tẹ̀ lé ara wọn. Tá a bá tò ó lónìí, a ó tún un tò lọ́la. Ọkàn mi ń fà sí ẹlẹ́ńjìnnì méjì, torí òun làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ ṣe, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Captain Gàníyù, wọ́n mi orí.

Wọ́n ní, "Ṣé olùkọ́ lo fẹ́ jẹ́? Fi instrument ṣáájú. Kó o tó kọ́ ọmọ ẹlòmíì, kọ́ bó o ṣe máa ṣe tó ò bá ríran. Ẹlẹ́ńjìnnì méjì ò ní sá lọ."

Mo gbọ́, àmọ́ kò wọ̀ mí létí. Mo gbé e wá síbí nípàdé àdúrà ọjọ́rú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládùúrà bá mi gbé e sókè, a ní kí Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ará, ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ gan-an ni bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì yẹn bàjẹ́. Wọ́n ní ohun tó kọṣẹ́ nínú ẹ̀, òkè òkun ló ti máa wá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa dé. Mo délé, mo sunkún. Ọkọ mi ro ẹ̀bà, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n jẹun ná, tí mo bá yó tán kí n wá máa bá ẹkún mi lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe di ẹni tó lọ ṣe instrument nìyẹn, kì í ṣe pé ó wù mí. Wọ́n á dé ohun kan bíi fìlà gàgàrà sí mi lórí lókè lọ́hùn-ún, mi ò ní rí ìta, ojú ẹ̀rọ nìkan ni màá rí. Captain Gàníyù ò yéé sọ ọ́ pé, "Ara rẹ á parọ́ fún ẹ. Ẹ̀rọ ni kó o gbà gbọ́." Àwọn ìgbà kan wà tí ara á máa sọ fún mi pé bàálù ti ń dojú dé, bẹ́ẹ̀ ó dúró gbọnrangandan. Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́, mo yege.

Ó wá ku kí n fò fún wákàtí tó pọ̀ tó kí n tó lè gba commercial. Ní àsìkò ọyẹ́, mo gbé bàálù kékeré kan lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀, èmi nìkan. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ti sọ pé eruku ọyẹ́ ń bọ̀, àmọ́ wọ́n ní ó di ọ̀la. Sánmà mọ́ nígbà tí mo lọ. Ìgbà tí mo ń bọ̀, tí mo ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí i tí iwájú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo rò pé ẹ̀ẹ́fín igbó tí wọ́n ń sun ni. Kò pẹ́ tí mi ò rí ọ̀nà títì mọ́. Mo wẹ̀yìn pé kí n yí padà, ẹ̀yìn náà ti dí. Òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì, gbogbo ẹ̀ rí bákan náà, bí ìgbà téèyàn wà nínú àpò gààrí.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé mo ti ń ṣubú lọ sápá òsì. Ó dá mi lójú bí mo ṣe ń rí yín báyìí. Ọwọ́ mi ti fẹ́ fa ọkọ̀ náà sí ọ̀tún. Ni mo bá wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní o ò ṣubú, o dúró dáadáa. Ká ní mo tẹ̀ lé ara mi ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dojú bàálù dé pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo sọ ọ́ sókè pé, "Olúwa, mi ò ríran. Ìwọ ń ríran. Di ọwọ́ mi mú." Àdúrà tó gùn kò wá sí mi lọ́kàn.

Mo pe àwọn tó ń darí bàálù ní pápákọ̀ Ìlọrin lórí rédíò. Ọkùnrin tó dáhùn bi mí bóyá mo ní instrument rating. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ni Ọlọ́run ṣe, kí ni ǹ bá dá a lóhùn? Ìwé-àṣẹ ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni ǹ bá ní lọ́wọ́, nínú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, nínú eruku. Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ní in. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí màá yà sí fún mi, àti bí màá ṣe lọ sílẹ̀ tó. Mo tẹjú mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ méjì lójú ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà pápá hàn, mi ò jẹ́ kí wọ́n kúrò láàárín. Mò ń sọ̀kalẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, iná pápákọ̀ yọ síwájú mi, ó tò lọ rere. Mo balẹ̀.

Captain Gàníyù ti dúró síbẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n wọlé jókòó tì mí, wọ́n gbé ọwọ́ wọn lé orúnkún bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká jókòó síbí ná. Kò sóhun tó ń lé wa."

Àmọ́ mi ò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́. Mo wà nílé. Tí bàálù bá kọjá lókè Basin, màá wọ yàrá lọ. Ọkọ mi ò fipá mú mi, kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ló ń tẹ̀ jẹ́jẹ́ ní pálọ̀ kí n má bàa dá wà. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ti Ìpàta dé pẹ̀lú iṣu wọn. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn, kí àyà wọn má bàa já. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wò mí. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí eruku dé lójijì, àwọn wà lóko, àwọn gbọ́ ohùn bàálù lókè, àwọn ò rí i. Wọ́n ní àwọn ju ọkọ́ sílẹ̀, àwọn jókòó sórí ebè, àwọn ń ṣe àdúà títí ohùn náà fi lọ sápá Ìlọrin.

Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé èmi ni.

Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Gbogbo èyí tó bá ń kọjá ni mo ń pè ní ìwọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo sì ń ṣe àdúà fún."

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn pátá. Èmi rò pé wọ́n á ní kí n wábi jókòó, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní, "Alíámúdù lílááyì. Ọlọ́run ò kó ẹ yọ kó o lè wá máa sá wọ yàrá. Padà lọ, ọmọ mi. Àwọn ọmọ kan wà tó ò tíì kọ́."

Mo padà. Captain Gàníyù bá mi gòkè lọ́jọ́ yẹn, a ò jìnnà, a kàn yí ìlú po. Lẹ́yìn ìyẹn mo gba commercial. Ohun tí wọ́n ń retí látòkè òkun dé, wọ́n tún bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ṣe, mo sì gba ìyẹn náà. Kò sá lọ lóòótọ́. Mo wá ṣe ti olùkọ́. Ẹni tó dán mi wò jókòó sí àyè akẹ́kọ̀ọ́, ó ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ó ní kí n kọ́ òun. Mo gbé ọwọ́ mi lé orúnkún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tá a balẹ̀, ó ní òun ò ní ìbéèrè kankan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi níwèé náà, mo mú Bàbá lọ síbẹ̀. Wọn ò tíì sún mọ́ bàálù rí láyé wọn. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìyẹ́ ẹ̀, wọ́n ṣe Bìsìmílà, wọ́n ń ṣàdúà lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún àdúà tí wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n ní kì í ṣe èmi làwọn ń ṣe é fún, pé tèmi ti gbà. Ọmọ tó máa jókòó síbẹ̀ lọ́la làwọn ń ṣe é fún.

Ẹ̀yin ará, ní àárọ̀ ọ̀la, akẹ́kọ̀ọ́ mi àkọ́kọ́ máa jókòó síbẹ̀. Ọmọbìnrin ni, àyà ẹ̀ ti ń já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ti sọ fún un pé kó sùn dáadáa. Ọlọ́run tó sọ pé rárá fún mi nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ pé rárá yẹn ló gbé mi délẹ̀, òun náà ni yóò bá wa gòkè. Ẹ bá mi fi ayọ̀ yin ín lógo, kẹ́ ẹ sì fi ọmọ yẹn sínú àdúrà yín.